Ohun Tó Wà Nínú Ikùn Akàn

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe, ó ṣòro láti ṣàlàyé fún àlejò. Ó ń la ikùn akàn ni, kí wọ́n lè mọ ohun tí akàn ń jẹ. Kì í ṣe akàn òkun o. Akàn odò ni, àwọn tó ń gbé abẹ́ òkúta àti inú ihò létí omi. Láràárọ̀, wọn á kó wọn dé láti inú igèrè tí wọ́n fi ń dẹ wọ́n lódò, obìnrin náà á kọ nọ́ńbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, á wọn bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, á fi abẹ kékeré ṣí ìkarahun rẹ̀ bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò, á sì fi ẹ̀mú yọ àpò oúnjẹ rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú àpò náà ló máa dà sínú awo gíláàsì, tó máa gbé sábẹ́ ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Akàn ní eyín nínú ikùn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Eyín mẹ́ta ni, wọ́n sì ń lọ oúnjẹ lẹ́yìn tí ọwọ́ àti ẹnu bá ti ṣe tiwọn tán. Nítorí náà, ohun tó bá dé abẹ́ awò ti di wẹ́wẹ́. Ojú tó bá mọ̀ ọ́n nìkan ló lè sọ pé ewé nìyí, ẹsẹ̀ kòkòrò nìyí, ìpẹ́ ẹja nìyí.

Alákàn ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ á tilẹ̀ fi kún un pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, torí pé ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí awò. Ó ti gbà á lórúkọ. Ọdún kẹfà rẹ̀ rèé lórí àga kan náà, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò, tí òórùn sípírítì ti wọ kọ́tìnnì rẹ̀ tí kò sì fẹ́ jáde mọ́.

Òun, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń gbé, nínú yàrá mẹ́ta lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Bàbá wọn ti kú tipẹ́. Aránṣọ ni ìyá wọn, aṣọ iṣẹ́ ló sì ń rán jù: ti àwọn mẹkáníìkì, ti àwọn aṣọ́gbà, ti àwọn tó ń wa yanrìn lódò. Gògòrò ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò yìí, nítorí pé bó bá ń wọlé, àtẹ́rígbà ni iwájú orí rẹ̀ kọ́kọ́ ń kí. Iṣẹ́ yanrìn lòun náà ń ṣe. Wọ́n á gbé ọkọ̀ sí àárín odò, wọ́n á máa fi garawa wa yanrìn láti ìsàlẹ̀ omi títí ọkọ̀ á fi kún. Ó lágbára, ó láàánú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì.

Ẹnu yìí ló dá ìjà sílẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò kan wá kí Alákàn nílé lọ́jọ́ ìsinmi kan, irú ìkíni tí gbogbo ilé mọ ohun tó ń wá. Ìyá ti wọ aṣọ tó dáa, ó ti nu àga lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n ṣe ń mu tíì ni olùkọ́ béèrè pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni Alákàn ń ṣe. Kó tó lanu, Gògòrò ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìgbẹ́ akàn ni ẹ̀gbọ́n mi ń kà," ó ní, "bí ẹ̀yin ṣe ń ka ìwé ìròyìn."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò padà wá mọ́. Ó lè jẹ́ pé tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ni kò ti ní padà wá, ṣùgbọ́n Alákàn mọ ẹni tó di ẹrù ẹ̀bi náà lé lórí. Kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bí Gògòrò bá wọ yàrá oúnjẹ, òun á gbé àwo rẹ̀ jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọkùnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló kó bá mi."

Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ọjọ́ karùn-ún ìjà yẹn, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Alákàn lọ wo òpó tí wọ́n fi ń wọn omi lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wọn, bó ṣe máa ń ṣe. Òjò ti rọ̀ lókè odò látàná. Omi ti gun òpó náà kọjá àmì pupa, ó pọ́n, ó sì ń gbé ẹ̀ka igi lọ. Ó mọ̀ pé kò ní ju wákàtí méjì lọ tí àgbàrá yẹn á fi dé ibi tí àwọn oníyanrìn wà nísàlẹ̀. Ó yọ fóònù. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ti wà lójú ẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí orúkọ náà. Ó wá rántí ẹ̀rín olùkọ́.

"Àwọn náà lójú," ó sọ fún ara rẹ̀. "Wọ́n á rí omi."

Ó dá fóònù padà sápò, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí la akàn.

Agogo mẹ́wàá kò tíì lù tí ọkọ̀ oníyanrìn fi dojú dé. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àwọn méjì wẹ̀ jáde. Gògòrò kò jáde.

Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn ọlọ́pàá àti àwọn òmùwẹ̀ fi wá a lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Omi náà ṣì dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ojú kò ríran nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọ̀gá ọlọ́pàá wá sílé, ó bọ́ fìlà, ó ní kí wọ́n ní sùúrù, odò á dá a padà fúnra rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́, àfi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ abọ́ tí aládùúgbò yá.

Ìyá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ẹsẹ̀ lórí pẹ́dàlì, kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Àwọn ènìyàn ń wá kí i, ó ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n kò wo ojú ẹnì kankan. Ládùúgbò, kò sẹ́ni tó ra akàn mọ́. Obìnrin tó ń kiri rẹ̀ gbé ọpọ́n rẹ̀ kọjá fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì gbé e padà bó ṣe wà. Aládùúgbò ìsàlẹ̀ ló wá sọ ọ́ síta lórí àtẹ̀gùn, kò mọ̀ pé ìyá dúró lókè.

"Ta ló máa jẹ wọ́n? Wọ́n á ti sanra báyìí."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá pe ọmọ rẹ̀.

"Kí ni akàn ń jẹ?"

Láti ọdún mẹ́fà, kò béèrè rẹ̀ rí.

"Ewé ni, Màámi."

"Ewé nìkan?"

"Ewé tó bá já bọ́ sómi, tó ti ń jẹrà. Àti ìdin kòkòrò, àti ìgbín wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ewé ló pọ̀ jù." Òótọ́ ni èyí. Nínú ìwé rẹ̀, bí a bá pín oúnjẹ inú akàn sí mẹ́wàá, méje jẹ́ ewé.

"Wọn kì í fọwọ́ kan ẹran?"

"Wọn kì í fọwọ́ kan án, Màámi."

Ìyá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà sí ẹ̀rọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Alákàn padà sẹ́nu iṣẹ́, torí pé ilé ti há mọ́ ọn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa lọ sinmi; ó kọ̀. Akàn tuntun ti wà nílẹ̀. Bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onígèrè ló máa ń dẹ igèrè fún ilé iṣẹ́ náà. Ibi mẹ́fà ló ti kó akàn dé lọ́jọ́ yẹn, ó sì ti so nọ́ńbà igèrè mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Ewé. Ewé àti yanrìn. Ewé àti èérún ìkarahun ìgbín. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà débi pé orí rẹ̀ lè lọ síbòmíràn. Àwọn ọgbọ̀n àkọ́kọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ìkọkànlélọ́gbọ̀n jẹ́ akọ ńlá kan láti inú igèrè karùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ. Àpò oúnjẹ rẹ̀ le gbandi.

Ewé inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun funfun kan ló kún un, tó rọ̀, tí kò ní ìpẹ́, tí kì í ṣe ẹja. Láàárín rẹ̀ ni ó ti rí òwú kan, kò gùn ju irun ìpéǹpéjú lọ. Àwọ̀ ọsàn. Ó fi ẹ̀mú yà á sọ́tọ̀. Ó tún rí òmíràn.

Ó mọ òwú náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìjà wọn, ìgbọ̀nwọ́ aṣọ iṣẹ́ búlúù Gògòrò ya. Òwú búlúù ti tán lọ́wọ́ ìyá, ó sì fi òwú aláwọ̀ ọsàn lẹ̀ ẹ́. Gògòrò wọ̀ ọ́, ó na apá síwájú, ó ní, "Màámi, ẹ ti sọ mí di ìyàwó ọ̀sìngín." Kò tún sí oníyanrìn mìíràn lórí odò náà tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Alákàn kò pariwo. Ó gbé ẹ̀mú kalẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́, ó padà, ó tún lọ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó la àwọn mẹ́ta tó kù nínú igèrè karùn-ún. Méjì nínú wọn ní òwú náà. Ìgbà yẹn ló dìde lọ bá Bàbá Onígèrè, tó ń tún okùn ṣe lẹ́yìn ilé.

"Bàbá, ibo gan-an lẹ dẹ ìkarùn-ún sí?"

"Abẹ́ igi ńlá, níbi tí odò ti yà. Kí ló dé?"

"Àwọn òmùwẹ̀ wá ibẹ̀?"

"Wọ́n kọjá níbẹ̀." Ó gbójú sókè wò ó. Ó ju okùn sílẹ̀. "Jẹ́ ká lọ."

Nínú ọkọ̀ ni Alákàn ti sọ ọ̀rọ̀ òwú náà fún un. Arúgbó náà ń wa àjẹ̀ lọ.

"Akàn kì í rìn jìnnà wá oúnjẹ," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ibi tó bá ti jẹun, ìtòsí ibẹ̀ ni ilé rẹ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Gbòǹgbò igi ńlá náà ti wọ inú omi bí ìka ọwọ́ tó ń wá nǹkan. Bàbá Onígèrè so ọkọ̀ mọ́ ọ̀kan, ó ti ọ̀pá gígùn bọ abẹ́ wọn. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹrẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀kejì, igi. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró, ó rọra yọ ọ̀pá, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀.

"Yíjú sẹ́yìn, ọmọ mi."

Kò yíjú. Ó rí ìgbọ̀nwọ́ náà. Ó rí ojú. Ohun tó rí níbi tó yẹ kí ìka ọwọ́ wà, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọlọ́pàá dé. Ọ̀gá wọn béèrè bí wọ́n ṣe mọ ibẹ̀. Bàbá Onígèrè fún omi kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"A ń wá a ni," ó ní.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì. Alákàn ló ní kí wọ́n kan pósí náà pa kí wọ́n tó gbé e jáde. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jẹ́ kí n rí ọmọ mi."

"Màámi, omi ti bà á jẹ́."

"Omi?"

"Omi ni."

Ìyá jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Níbi iṣẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Iwájú nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n ṣófo. Ọ̀gá rẹ̀, tó ti wo ohun tó wà nínú awo, wá dúró tì í, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kó kọ "òkú ẹran" síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún gbogbo irú rẹ̀. Ó gbé báírò, ó gbé e kalẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ti lọ, ó kọ ọ́ pé "a kò mọ̀." Nínú gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún akàn tó ti là láti ọdún mẹ́fà, kò sí èyí tó mọ oúnjẹ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, láàárín ọ̀sán, ìyá rẹ̀ wọ ilé iṣẹ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wọ bàtà òde, ó gbé báàgì lọ́wọ́. Ọ̀gá gbé àga fún un, kò jókòó.

"Mo fẹ́ wo akàn tó ń jẹun," ó ní.

Àpótí gíláàsì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọ́n ń sìn díẹ̀ nínú àwọn akàn sí. Alákàn mú un lọ síwájú rẹ̀. Akàn kan wà lórí òkúta, ó di ewé dúdú kan mú, ó ń fi ọwọ́ kan ya á, ó ń fi ọwọ́ kejì kó o sẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, kò kánjú.

"Ó ń jẹun bí arúgbó," ìyá sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, Màámi."

Ìyá ṣí báàgì. Ó yọ ọ̀rá kékeré kan jáde. Ẹran tútù ló wà nínú rẹ̀, tó gé nílé, kò ju ìka méjì lọ.

"Jù ú sí i."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kí o jù ú sí i."

Ó jù ú sí i. Ẹran náà rì, ó balẹ̀ lórí yanrìn. Akàn dúró. Ojú rẹ̀ méjèèjì tó wà lórí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi yí síbẹ̀. Ó ju ewé náà sílẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹran náà mú. Kò jẹ ẹ́ bí arúgbó. Méjì mìíràn ti yọ lábẹ́ òkúta, wọ́n ń já a gbà, yanrìn ń tú sókè, omi ń rú. Ìyá dúró síwájú gíláàsì náà títí kò fi ku nǹkan kan.

"Irọ́ lo pa fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ewé ni wọ́n ń rí. Òun ló pọ̀ nínú odò. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń jẹ."

Ìyá wá jókòó wàyí. Ó gbé báàgì lé itan.

"Ẹranko ni," ó ní. "Kò mọ àbúrò rẹ rí. Kò bá a jà. Ṣé ẹranko ni mo máa wá bínú sí?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Èmi kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń tàn jẹ. Kí ló tún kù tí o fi pa mọ́ fún mi?"

Alákàn ì bá sọ pé kò sí. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú ẹnu rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ òpó omi àti fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó dúró bí ọmọ iléèwé tó wà níwájú kíláàsì.

"Ó ti kọjá àmì pupa?" ìyá béèrè.

"Ó ti kọjá rẹ̀."

"Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ."

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Màámi."

Ìyá dìde. Kò bú u, kò gbá a létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Alákàn ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún un. Ó rọra sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ ra ògiri mú bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń gbé ilé kan náà bí àjèjì méjì tó pàdé nínú ọkọ̀. Ìyá ń se oúnjẹ tirẹ̀ nínú ìkòkò kékeré, ó ń jẹ ẹ́ kí ọmọ tó dé. Bí Alákàn bá kí i, á dáhùn, á sì wọ yàrá. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, àwọn ènìyàn tún ń kó aṣọ wá, ṣùgbọ́n kò gba aṣọ oníyanrìn kankan mọ́. Alákàn ní tirẹ̀ ń lọ síbi òpó omi láràárọ̀, ó sì ń pe olórí àwọn oníyanrìn lórí fóònù láti sọ ibi tí omi dé. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ń dúró de ìpè náà kó tó jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí.

Oṣù méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù kẹta, Alákàn di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí, ó sì sọ fún Bàbá Onígèrè pé òun fẹ́ wá yàrá síbòmíràn, kí ìyá òun lè mí.

Arúgbó náà ń já igi wẹ́wẹ́ kúrò lára igèrè. "Ọmọ mélòó ló bí?"

"Méjì."

"Bó o bá lọ, ó ku mélòó?"

Ó tú ẹrù náà.

Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó dé ilé, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó rò pé yàrá oúnjẹ á ti ṣófo bó ṣe máa ń rí. Ìyá rẹ̀ wà nídìí tábìlì. Àwo ìrẹsì méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan kò tíì ní ẹni tó ni ín.

Alákàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀.

"Jókòó," ìyá sọ.

Alákàn wo àwo kejì náà.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́."

"Mo mọ̀, Màámi."

"Mi ò mọ̀ bóyá màá lè dárí jì ẹ́ láyé mi."

"Mo mọ̀, Màámi."

"Ó dáa. Lọ pààrọ̀ aṣọ, kí otútù má pa ẹ́. Kí o wá jókòó."

Ó lọ pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tó padà, ìyá rẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ tirẹ̀. Ó jókòó. Ìrẹsì náà ti le, iyọ̀ ọbẹ̀ sì pọ̀ jù. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.